Ojú Alápatà Kọ́ ni Ojú Ọlọ́sìn

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Òkèrèwè kì í jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀yìnkùlé mi. Bí wọ́n bá ti rí mi lórí àga mi lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n ti dé nìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: "Bàbá Ràfí, owó ẹran màlúù ti já wálẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọ̀sìn ṣì tó ẹni í ṣe, àbí ká kúkú kọ́ṣẹ́ alápatà?" Orí ìdúró ni wọ́n á ti bi mí o, wọ́n á tún máa tẹ fóònù. Ẹni tó bá ń bi arúgbó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí ìdúró kò tíì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ó yá, ẹ fìdí kalẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ni mo ti ṣe. Mo pa màlúù títí orúnkún mi fi kọ̀ mí, lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n. Owó ẹran tó já wálẹ̀ tí gbogbo ìlú ń dúpẹ́ sí yìí, díẹ̀ ló kù kó gba ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti máa sọ ọ́, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ará Ìwó làwọn òbí mi. Bàbá mi ló mú mi wá sí Ifẹ̀, ó fà mí lé Bàbá Gbàdàmọ́sí lọ́wọ́, alápatà kan tí ilé rẹ̀ wà ní Ìrèmọ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n gbàdúrà, bàbá mi padà sí Ìwó. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Ti owó ọ̀yà, ẹ má bi mí. Ọmọṣẹ́ ayé ìgbà yẹn, oúnjẹ àti aṣọ ọdún ló ń gbà. Bí ọ̀gá bá wá wo iṣẹ́ rẹ tí kò bú ọ, o ti gbowó oṣù.

Ọ̀gá mi le. Wọn kì í pariwo o. Ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìpéǹpéjú kan sókè báyìí, gbogbo àwa ọmọṣẹ́ ti mọ ẹni tó kàn. Mo ti rò pé ọ̀bẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́, kí n máa gé ẹran fàà, fàà, bí mo ṣe rí i lọ́jà. Agbada ṣàkì ni wọ́n gbé fún mi. Mo fọ̀ ọ́, mo rò pé mo ti fọ̀ ọ́ tán, mo gbé e síwájú ọ̀gá. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n pe ìyàwó wọn, wọ́n ní kí ó se é fún mi bó ṣe wà, kò gbọdọ̀ fi ata tàbí iyọ̀ kankan sí i. Wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Yéè! Ẹnu mi kò padà bọ̀ sípò títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ṣàkì tí mo bá fọ̀, ẹ lè fi ṣe fìlà lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ó pẹ́ kí ọ̀gá tó gbà kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí ọjà màlúù. Ibẹ̀ gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí n fọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan màlúù, kò gbọdọ̀ na ìka sí i, nítorí Fúlàní tó ni ẹran ń wo ojú rẹ, bó bá sì ti mọ èyí tí ọkàn rẹ fẹ́, o ti jẹ gbèsè. Ojú nìkan ni kí o fi wo iké, kí o fi wo ìdí, kí o fi wo àyà, kí o wá lọ sọ ọ́ sétí ọ̀gá bí o ṣe rò pé ẹran inú rẹ̀ á pọ̀ tó. Bí a bá délé tí a pa ẹran náà, tí kò rí bí mo ṣe sọ, ìpéǹpéjú gòkè nìyẹn. Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n débi pé mo lè dúró lẹ́yìn ọgbà kí n sọ fún yín bí ọ̀rá inú màlúù ṣe pọ̀ tó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ.

Òfin kejì ni pé kí n má ṣe wo màlúù lójú. Ọ̀gá ní, "Làmídì, ojú ẹran kì í ṣe ojú ọ̀rẹ́ rẹ. Ara ni kó o wò." Òfin kẹta ni ti abo. Ọ̀gá mi kì í ra abo màlúù. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pa abo, lọ́jọ́ kan á pa aboyún, àwọn kò sì fẹ́ gbé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ dé iwájú Ọlọ́run. Akọ nìkan là ń rà. Bí a bá dé ọjà, ibi tí wọ́n so abo sí, a kì í yà débẹ̀ rárá. Gbogbo ọdún tí mo lò nídìí iṣẹ́ yìí, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ simi lára abo màlúù rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láràárọ̀, ká tó kúrò ní odò ẹran níbi tí a ti ń pa ẹran, ọ̀gá á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ọlọ́run Ọba, jẹ́ kí màlúù ó pọ̀ lọ́jà. Jẹ́ kí owó rẹ̀ ó rọjú." Gbogbo wa á ní àmín. Àdúrà alápatà nìyẹn níbi gbogbo, kò sí alápatà tó ń gbàdúrà kí màlúù ó wọ́n.

Mo gba ìdáǹdè, ọ̀gá bù mí ní ìdí ẹran kan kí n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àtẹ wọn àti àtẹ tèmi jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ìgbà yẹn ni àjálù wá dé.

Nígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń da màlúù láti ọjà wọ ìlú. Ọjọ́ kan, à ń da akọ kan bọ̀, oníwo gbọọrọ, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. A dé Ìrèmọ̀. Alùpùpù kan kọjá lẹ́yìn wa, ó dún gbàú bí ìbọn. Háà! Okùn já. Akọ yìí sá wọ agbo ilé kan lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwo oyin lọ lọ́tọ̀, àwo iyọ̀ lọ lọ́tọ̀. Àlùfáà tó ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ọmọ náà ti gun orí tábìlì. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, ẹ wá wo eré!

Bó ti pani lẹ́rìn-ín tó, ẹ̀rín kọ́ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ìkókó wà lórí ẹní, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò lè tètè dìde. Màlúù yíjú sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n tó sáré débẹ̀, ọ̀gá mi ti wà láàárín wọn, fìlà nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi fìlà yẹn gbá màlúù nímú. Màlúù fi ìwo gbé wọn, ó jù wọ́n mọ́ ògiri. A gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bó ṣe kán. Lẹ́yìn náà ni ẹran ọ̀hún rọra lọ síbi tí wọ́n kó ẹ̀fọ́ àsè sí, ó ń jẹun. Ibẹ̀ la ti so ó.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀gá ló tún ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn lórí ilẹ̀ tí wọ́n wà. Wọ́n ní, "Làmídì, má bínú sí i. Màlúù kò mọ̀ pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni." Àwọn onílé fi orúkọ ọ̀gá mi kún orúkọ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò jinná dáadáa mọ́. Orí àga ni ọ̀gá wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe fún wa, èmi ni mo sì dúró nídìí àtẹ méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń bá ẹranko ṣe, ó gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹranko á rántí pé òun lágbára jù ú lọ.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ọ̀bẹ tí mo fi kọ́ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, ara òkúta la ti ń pọ́n ọn, ó sì le ju ọkùnrin mìíràn lọ. Àwọn ọ̀bẹ tó ń bọ̀ láti òkè òkun nísinsìnyí, bó bá bá eegun pàdé lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ti gígé búrẹ́dì. Ojú la fi ń díwọ̀n ẹran nígbà náà, èènì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí inú oníbàárà á fi dùn. Òṣùwọ̀n kílò wá dé. Mo bá a jà títí, mo ní ta ló fẹ́ ra ẹran lọ́wọ́ aago? Ìyàwó mi, Ìyá Ràfí, ló fi ọgbọ́n gbé e sórí àtẹ lọ́jọ́ tí mo lọ síbi òkú. Ìjà tó máa ń wà láàárín èmi àti àwọn oníbàárà dín kù, mo sì dákẹ́. Fírísà dé, kẹ̀kẹ́ Márúwá dé, a kò da màlúù gba inú ìlú mọ́. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ìyẹn nìkan tó ohun tí mo fi ń sọ pé Àlùhámúdùlíláhì.

Ìgbà tó wá yá, màlúù gbówó lórí. Kì í ṣe ọ̀wọ́n kékeré o, ọ̀wọ́n tó ń mú kí àgbàlagbà ọkùnrin wo àtẹ ẹran kó sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ láti yunifásítì tí wọ́n ń ra itan odidi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé dókítà ní kí àwọn má jẹ ẹran pupa mọ́. Mo ní ẹ kú ìlera. Ẹja ni gbogbo ilé ń jẹ, pọ̀nmọ́ di ọba. Àárín ìgbà yẹn ni orúnkún mi ní òun kò lọ mọ́. Mo gbé àtẹ fún Sùlé, ọmọṣẹ́ mi tó gbọ́n jù, mo padà sílé wá jókòó.

Ẹ ò mọ ohun tí ìjókòó ń ṣe fún ẹni tí kò jókòó rí. Mo ń bá gbogbo èèyàn jà. Mo ń bá ìyàwó mi jà lórí bó ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ràfíátù, àbígbẹ̀yìn wa, ló wá yọ mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọ́n ká, ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan wà ní Àbújá, orí fóònù la ti ń rí ọmọ wọn. Ràfí nìkan ló kù nílé. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló kà ní yunifásítì níbí, ó sì ń wá iṣẹ́ kiri. Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. "Bàbá mi, ẹ ti pa màlúù tó. Ẹ jẹ́ ká sin díẹ̀." Mo ní kí ni? Ó ní ilẹ̀ tí mo ní ní Òkè-Ogbó kàn ń hu igbó lásán, àwọn tó ń yan gàrí ń da èèpo ẹ̀gẹ́ nù lójú ọ̀nà, ẹran sì ti wọ́n. "Ká kọ́ ọgbà, ká ra màlúù kékeré, ká bọ́ wọn títí di Iléyá."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé orúnkún. A kọ́ ọgbà. A dé ọjà màlúù, mo fọwọ́ sẹ́yìn, mo ń wo iké, mo ń wo ìdí. Mo yan akọ tí ojú mi ti rí ọ̀rá inú wọn kí ọ̀rá náà tó débẹ̀. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, Ràfí ti wà nídìí abo, ó sì ń wo màlúù tín-ín-rín kan lójú, wọ́n jọ ń wo ara wọn bí ìyá àti ọmọ.

"Ràfí, kí lò ń wò níbẹ̀?"

"Èyí ni mo fẹ́, Bàbá mi. Òun àti èkejì rẹ̀ yẹn."

"Kí la fẹ́ fi egungun ṣe? Ṣé ajá là ń bọ́ ni?"

"Ẹ wo bàdí rẹ̀, ó gbòòrò. Ẹ wo ọmú rẹ̀."

"Ọmú!" Mo pariwo débi pé àwọn Fúlàní yíjú. "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò wo ọmú màlúù rí!"

Owó tirẹ̀ ló fi rà wọ́n, mi ò lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo bínú. Gbogbo ìgbà tí a bá dé ọgbà, mo máa ń bú àwọn abo yẹn pé wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọmọ olóòótọ́. Ràfí kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ sóòrùn, ó ń gé koríko, ó ń po èérí mọ́ ọn. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti le, ojú rẹ̀ sì ń dán. Èmi náà ń sùn dáadáa lálẹ́. Ìyá Ràfí ní òun ti gba ọkọ òun padà.

Iléyá ku díẹ̀ kó dé, owó màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èmi ò mọ ìdí rẹ̀, kálukú ń sọ tiẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìyá Ràfí ti ọjà dé, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó ń jó. "Bàbá Ràfí, ẹran ti wálẹ̀! Ẹ wo ohun tí wọ́n gé fún mi!" Èmi náà ti la ẹnu láti dúpẹ́, àmín ọjọ́ pípẹ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wá rí ojú Ràfí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di etí garawa mú. Mo gbé àmín náà mì. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ ayé? Àdúrà tí mo fi gbogbo ayé mi gbà ni Ọlọ́run dáhùn, ọgbà mi ló sì wá já lé lórí.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àbúrò Ìyá Ràfí tó wà l'Ékòó pè. Kàmílù ni orúkọ rẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ó ti bá Ràfí wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kó wá lẹ́yìn Iléyá. Ìyá Ràfí bú sẹ́kún ayọ̀. Ràfí ní òun gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún mi pé bí àwọn akọ bá pa owó wọn, òun kò ní lọ. Bí wọn kò bá pa á, òun ò lè máa jẹ oúnjẹ òbí òun nílé. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ilé tí ọmọ ti tán nínú rẹ̀, arúgbó méjì ló máa kù tí wọ́n á máa bá ara wọn jà nítorí àlùbọ́sà.

Ta ló wá ra àwọn akọ náà? Sùlé ni. Ọmọṣẹ́ mi! Mo ti yọ̀ pé Ọlọ́run ti ràn mí lọ́wọ́. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbà tí mo rí ọwọ́ yẹn lẹ́yìn, mo ti mọ̀ pé ọjà ló bá wá.

Ó yí akọ tó sanra jù po. Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ga lóòótọ́, àmọ́ inú ẹsẹ̀ ló ga sí."

"Sùlé!"

"Iké rẹ̀ náà ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sùn."

"Sùlé, èmi ni mo kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ ní tí ọjà bá wálẹ̀, kí n má jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tì mí."

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Gbogbo ẹnu tí mo ní, òun náà ní i, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n tiẹ̀ ni. Bí a bá sì ní ká dúró, ojoojúmọ́ ni àwọn akọ yẹn ń jẹun, tí owó wọn ń lọ sílẹ̀. Ó ra gbogbo wọn. Wọn kò pa owó tí wọ́n jẹ. Mo wo Ràfí, ó wo ilẹ̀.

Inú wá bí mi sí gbogbo nǹkan tó wà nínú ọgbà yẹn. Mo tọ́ka sí àwọn abo. "Sùlé, kó àwọn yìí náà mọ́ ọn. Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o fún wa."

"Bàbá mi!" Ràfí ti bọ́ síwájú ẹran rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sùlé kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti ìgbà tí akọ ti wọ́n ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra abo, ó ti mọ ohun tí èmi kò mọ̀. Ó sún mọ́ èyí tí mo ti rí láti bí oṣù kan pé ó ti ń sanra díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìkúùkù tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó yọwọ́ wéré. "Ọ̀gá, mi ò lè ra èyí o. Ó lóyún, ó sì ti sún mọ́."

"Oyún báwo? Koríko ni!"

Ràfí àti Sùlé wo ara wọn. Ràfí bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá mi, mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo ń dúró kí ẹ̀yin fúnra yín rí i." Èmi Làmídì, tí mo lè dúró lẹ́yìn ọgbà kí n sọ bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó nínú màlúù, mo wo aboyún fún oṣù púpọ̀, mo pè é ní koríko.

Sùlé kó àwọn akọ lọ. Mo pe Ràfí ní oríkì rẹ̀. Mo ní, "Àṣàkẹ́, máa lọ sí Èkó. Mi ò ní bínú."

Ó jókòó tì mí lórí igi. "Èló ni wọ́n ń ta abo lọ́jà báyìí?"

"Ta ló ń bèèrè abo? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi tọrẹ."

"Ìgbà yẹn ló yẹ kí ọlọ́sìn rà. Akọ tí a bọ́, ọjọ́ kan péré ló ní láti pa owó, bí ọjà bá sì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó tán. Abo ò mọ ọjà. Bí ẹran wọ́n, á bímọ. Bí ẹran pọ̀, á bímọ. Ẹ̀yin ń wo ohun tí màlúù jẹ́ lónìí, Bàbá mi. Ohun tó máa bí ni kí ẹ máa wò." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹnu lásán dúró. Bí èyí bá bí àbíyè kí ọjọ́ Èkó tó pé, mo dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá lọ."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ni àgbà tí wọ́n máa fi ọmọdé kọ́ lọ́gbọ́n. Ìdáhùn mi sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà nìyẹn, ẹ mú un lọ: ẹran tó wálẹ̀ kò ba iṣẹ́ ọ̀sìn jẹ́. Ẹni tó rò pé iṣẹ́ alápatà àti iṣẹ́ ọlọ́sìn jẹ́ ọ̀kan náà ló bà jẹ́ fún.

Iléyá kọjá. Ìyá Ràfí ti ń di ẹrù ọmọ rẹ̀, ó ń fi èlùbọ́ sí i. Mo ti ìrun Jímọ̀ dé Òkè-Ogbó, mo bá Ràfí lórí orúnkún, màlúù dùbúlẹ̀, ó ń rọbí. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ, ìkejì kò yọ. Dókítà ẹran tí ó pè wà ní ọ̀nà jíjìn. Ràfí ní, "Ẹsẹ̀ kejì ká sẹ́yìn nínú, Bàbá mi. Bí mi ò bá tún un ṣe, àwọn méjèèjì ló máa lọ." Ó ti fi ọṣẹ fọ apá, ó ti fi òróró pa á. "Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú."

Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi pariwo, mo gbé orí màlúù lé itan. Kò sí ibòmíràn tí mo lè wò, àfi ojú rẹ̀. Ó ń wò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tí mo ń sọ fún un. Mo ń ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi, pẹ̀lẹ́, kò ní pẹ́ mọ́." Ràfí ti ọmọ padà sínú, ó ń wá ẹsẹ̀, ó ń gbàdúrà, òógùn bò ó. Ó kígbe pé òun ti rí i. "Ẹ wá, Bàbá mi! Ẹ bá mi fà á! Ẹ má fi agbára o, bó bá rọbí ni kí ẹ fà." Mo di ẹsẹ̀ kékeré méjèèjì mú, wọ́n ń yọ̀. Ó rọbí, a fà. Ó rọbí, a fà. Ọmọ jáde wọ̀ọ̀, ó sì sùn sílẹ̀, kò mira.

Ràfí nu imú ọmọ màlúù náà, ó já koríko, ó fi ta ihò imú rẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Ó tún fi ta á. Ọmọ sín! Ó gbọnrí, ó tún sín. Mo pariwo "Allahu Akubaru" débi pé àwọn tó ń yan gàrí sáré wá. Mo gbé ìrù rẹ̀ sókè, mo sì wò ó dáadáa.

Àárín ariwo yẹn ni fóònù Ràfí ń dún nínú báàgì rẹ̀ lára ọgbà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi gbé e, mo nu tèmi mọ́ agbádá Jímọ̀, mo gbé e.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Ràfí. Kàmílù ni. Ṣé Ràfí ti múra? Wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mo wo Ràfí. Ó ń fi ìró ògbólógbòó nu ẹ̀yìn ọmọ màlúù, ìyá ọmọ náà ti yíjú, ó ń lá ọmọ rẹ̀, ó ń lá ọwọ́ Ràfí mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó pè.

"Kàmílù, Ọlọ́run á san ọ́ lóore. Ọwọ́ rẹ̀ dí."

"Ó dáa, ìgbà wo ni kí n tún pè?"

Ọmọ màlúù náà dìde, ó ṣubú, ó tún dìde.

"Má wulẹ̀ pè nítorí iṣẹ́ yẹn mọ́, àbúrò mi," mo ní. "Abo ló bí."